Má Tíì Fọwọ́ Sí Fọ́ọ̀mù Náà

Yàrá ìwé mi,
Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Ìbéèrè, ọmọ-ọmọ mi àtàtà tí mo sọ lórúkọ yìí nítorí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,

Mo kí ọ, mo kí ìyá rẹ, mo sì kí bàbá rẹ tí mo mọ̀ pé yóò ti jókòó sídìí rédíò báyìí. Bí ara yín bá le bí tèmi ṣe le láàárọ̀ yìí, a jẹ́ pé ọpẹ́ ló yẹ ká máa dá. Orúnkún mi ọ̀tún máa ń ké bí mo bá ń dìde, tòsì a sì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń ríran, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n, ẹ̀rí rẹ̀ ni ìwé tí ò ń kà yìí. Ìyá àgbà ní kí n bá òun kí ọ dáadáa. Ó tún ní kí n má kọ ju ojú ìwé méjì lọ, pé ọmọ ìwòyí kì í ka ohun tó gùn. Mo ní mo ti gbọ́. Ìwọ náà máa rí i pé gbígbọ́ ni mo gbọ́, n kò gbà.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù rẹ àti ìwé ìtọ́sọ́nà tí ilé-ìwé yín fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ìwé ìtọ́sọ́nà yẹn ni mo kọ́kọ́ kà. "Ní ìbámu pẹ̀lú èròńgbà gíga-lọ́lá tí ilé-ẹ̀kọ́ ológo yìí ní fún ìdàgbàsókè gbogboogbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀wọ́n..." Gbólóhùn náà gùn débi pé mo ní láti sinmi mu omi lágbedeméjì. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀, mo bá fa bíró pupa yọ. Àṣìṣe mẹ́rìnlá ni mo rí. Mo fún ọ̀gá ilé-ìwé yín ní márùn-ún nínú mẹ́wàá, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, "O lè ṣe jù báyìí lọ." Jọ̀ọ́, má fi han ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo bó gbogbo gírámà yẹn kúrò lára rẹ̀, ohun tó kù kò ju èyí lọ: kí ẹni tó ń wọ kíláàsì kẹrin mú iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nínú àpótí kọ̀ọ̀kan lórí fọ́ọ̀mù, kí òbí fọwọ́ sí i, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ igbákejì ọ̀gá kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Mo rí i pé o ti fi pẹ́ńsù sàmì sí àwọn tí o fẹ́. Inú mi dùn pé pẹ́ńsù ni. Nínú àpótí kẹrin, níbi tí wọ́n kó Kẹ́mísírì àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ sí pọ̀, Iṣẹ́ Àgbẹ̀ lo mú. O ní ewúrẹ́ mẹ́ta wà lẹ́yìn kíláàsì, pé ìwọ lo sì ń tọ́jú èyí tó ń tiro. O ní Kẹ́mísírì le, pé mọ́kànlélógójì lo gbà nínú ìdánwò. Nínú àpótí ìṣirò, o fo Ìṣirò Gidi, o mú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìṣirò Ojoojúmọ́, torí pé ọ̀rẹ́ rẹ ní òun ló fúyẹ́. Lẹ́yìn náà lo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé dókítà ẹranko ṣì lo fẹ́ dà. Èyí ò yà mí lẹ́nu. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́ nígbà tí o fi táì mi di ẹsẹ̀ ológbò wa, táì tí mo fi gba àmì-ẹ̀yẹ o, ológbò náà sì wọ̀ ọ́ lọ sórí òrùlé.

Ìbéèrè méjì lo bi mí. Èkínní ni pé, "Bàbá, ṣé ohun tí mo mú yìí dáa?" Èkejì lo há sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ibi tí o ti kọ orúkọ rẹ tán, bí ẹni tó ti ń jáde lọ tó wá yọjú padà lẹ́nu ọ̀nà: "Kí ló dé tí mọ́mì máa ń dìde nídìí tábìlì nígbàkígbà tí mo bá mú fọ́ọ̀mù yìí jáde? Wọ́n á kàn ní kí n mú èyí tó bá rọ̀ mí lọ́rùn, wọ́n á wá lọ máa fọ abọ́ tó ti mọ́." Ìbéèrè èkínní, mo rò pé mo mọ ìdáhùn rẹ̀ lórí, n kò sì mọ̀ ọ́n. Èkejì, mo mọ̀ ọ́n láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, n kò kàn sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èkínní. O mọ ìwé kékeré tí mo fi bébà ilẹ̀kẹ̀... rárá, bébà aláwọ̀ ilẹ̀ bò, tó wà lórí pẹpẹ mi. (Wo bí àgbà ṣe ń ṣe mí. N kò ní pa á rẹ́, kí o lè mọ̀ pé tíṣà náà máa ń ṣì í kọ.) Inú ìwé yẹn ni gbogbo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan ń béèrè wà. Ọdún méjìlélógún ni mo fi jókòó tì í, tí mo ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé, "Lọ mú tibí, má mú tọ̀hún." Mo ṣí i, mo tún ohùn mi ṣe, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ lóhùn bí òkè tó ń sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kọjá, ó yọjú wò ó, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwé tí a fi ń ti fèrèsé nígbà tí ìyá ọmọ yẹn wà nílé-ìwé nìyẹn?" Mo pa ìwé náà dé.

Bó ṣe di ọjọ́ Ọjọ́rú, mo wọ kóòtù, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko. Obìnrin kan wà nídìí káńtà, ó ti awò ojú rẹ̀ sórí, ó sì ń wá awò náà káàkiri lórí tábìlì. Mo wú ikọ́, mo ní, "Èmi ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé nígbà kan rí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ olùkọ́..." Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Nọ́ńbà mélòó lẹ mú?" N kò mú nọ́ńbà kankan. Wọ́n fún mi ní méjìdínlọ́gọ́ta. Mo lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí mi ò lè bí lọ́mọ mọ́ àfi kí n bí wọn lọ́mọ-ọmọ, ọ̀kan nínú wọn sì ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà fẹ́ wọlé ni?"

Nígbà tó kàn mí, mo gbé ìwé mi sórí káńtà. Obìnrin náà, tó ti rí awò rẹ̀, yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ta ló ń fi èyí gba ọmọ nímọ̀ràn?" Mo ní, "Ẹnìkan ni." Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún onítọ̀hún kó dẹwọ́." Mo ní màá jíṣẹ́.

Ohun tó sọ fún mi rèé, mo sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tún lu òǹtẹ̀ sí i, torí mo ti mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà ẹranko gbọ́dọ̀ yege nínú Kẹ́mísírì, Bàọ́lọ́jì, Físíìsì, Ìṣirò Gidi àti èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni, gbogbo rẹ̀ nínú ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bi í nípa Iṣẹ́ Àgbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa tó bá ní in. Tí ò bá ní in, a ò ní lé e. Àmọ́ tí ò bá ti sí Kẹ́mísírì, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú wá síbí." Mo wá rọra bi í nípa Ìṣirò Ojoojúmọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ máa ń gbé àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wá nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, orí àga tí mo jókòó sí yẹn gan-an ni wọ́n sì ti máa ń sunkún. Ilé-ìwé yín ò kọ ìyẹn sínú gbólóhùn ológo rẹ̀.

Nítorí náà, Ìbéèrè mi, máa ka fọ́ọ̀mù yẹn láti ìdí wá sókè. Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀, ibi tó ń lọ ló ń kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ìjókòó tó rọ̀ jù. Ìjókòó rírọ̀ pọ̀ nínú ọkọ̀ tí kò lọ síbi tí ò ń lọ. Pa Ìṣirò Ojoojúmọ́ rẹ́ lónìí, má dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ti Kẹ́mísírì, mọ́kànlélógójì kì í ṣe àrùn. Mo ti rí ọmọ tó gba méjìdínlógún rí, ó ń pògùn fún mi báyìí, mi ò sì tíì kú. Jọ́gíráfì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni, n kò mọ Kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n mo mọ bí ọmọ ṣe ń sá fún ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kọ ohun kan tí kò yé ọ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì ṣàlàyé fún mi dé ibi tó ti ń dojú rú. Tó o bá máa ṣàlàyé rẹ̀ fún arúgbó tó jẹ́ pé odò àti òkè nìkan ló mọ̀, wàá rí i pé ìdajì rẹ̀ á ti yé ọ kó o tó lẹ àpò ìwé.

Èyí tó kàn ni ọ̀rọ̀ àpótí, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè rẹ méjèèjì ti pàdé.

Ṣé o rí àwọn àpótí orí fọ́ọ̀mù yẹn? Wọn ò bọ́ láti ọ̀run. Ẹnì kan ló jókòó tó pín wọn. Iṣẹ́ méjì tó bá wà nínú àpótí kan náà, wákàtí kan náà ni wọ́n máa fi kọ́ wọn, ọmọ kan ò sì lè jókòó sí kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi ni mo máa ń pín in nílé-ìwé wa. Pátákó kan wà ní ọ́fíìsì mi tó ga tó ilẹ̀kùn, mo fi rúlà fa ìlà òpó mẹ́fà sí i, òpó kan fún àpótí kọ̀ọ̀kan, mo gé káàdì fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ìṣó kékeré kàn wọ́n mọ́ ọn. Búlúù ni ti Físíìsì, yẹ́lò ni ti Yíya Àwòrán, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nínú ìsinmi ni mo fi ń tò ó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi sọ mí ní Bàbá Pátákó. Wọ́n rò pé n kò mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ìyá rẹ nígbà náà, ọjọ́ orí tìrẹ gan-an, ilé-ìwé wa náà ló sì ń lọ. Iṣẹ́ àwọn tó ń ya ilé sórí bébà kí birikilà tó mọ ọ́n ló wù ú. Ó ti ya ilé wa rí bí ẹni pé wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò, tí èèyàn ń wò ó látòkè: gbogbo yàrá, gbogbo ilẹ̀kùn àti ibi tó ń ṣí sí, àti èmi lórí àga, tí mo ń sùn, tí ìwé bo ojú mi. Ó wọn gbogbo rẹ̀ pérépéré. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ sọ́kàn ń béèrè Físíìsì, ó sì tún fẹ́ rí àwòrán ọdún mẹ́ta tí ọmọ yà nínú kíláàsì. Méjèèjì ló pọn dandan. Lọ́dún náà, òpó kẹta ni mo kan káàdì búlúù àti káàdì yẹ́lò mọ́, ìkan lórí ìkejì.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kanlẹ̀kùn bíi ti gbogbo ọmọ, torí a ti jọ sọ ọ́ pé nílé-ìwé, "sà" ni màá jẹ́, kì í ṣe "dádì". Ó ti kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó ní, "Sà, ṣé ẹ lè bá mi gbé ọ̀kan lọ sí òpó mìíràn?" Mo ní, "Àtẹ iṣẹ́ kì í yí nítorí ẹnì kan. Yan ọ̀kan." Mo tún fi kún un pé, nítorí pé òun ni ọmọ mi gan-an ló fi ṣòro jù, kí àwọn èèyàn má baà sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn ọmọ mi. Ó wo pátákó náà títí. Ó yan Yíya Àwòrán.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, ìyá àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Tó bá wá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ńkọ́?" Mo ní ìlànà ni ìlànà. Ó ní, "Ìlànà ń jẹun lórí tábìlì mi, Ìlànà ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò tíì rí i kí Ìlànà fọ abọ́ rí." Odidi oṣù méjì ló fi ń pè mí ní Ìlànà. "Ìlànà, oúnjẹ ti délẹ̀ o."

Ṣùgbọ́n nílé-ìwé, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe gbà á. Ọ̀gá wa nígbà náà, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ní-Ìparí nítorí pé ó máa ń sọ "ní ìparí ọ̀rọ̀ mi" nígbà méje kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó parí, dìde níbi ìpàdé àwọn olùkọ́. Ó ní kí gbogbo wọn wò mí, pé òpó irin ni mí, pé bí mo bá ti dé ẹnu iṣẹ́, n kò mọ ọmọ bíbí inú mi mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo tẹríba bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládé. Wò ó, Ìbéèrè, tí èèyàn bá yìn ọ́ pé o kò mọ ọmọ rẹ, má tẹríba. Jókòó, kí o sì ronú.

Wọ́n ní ẹni tó bá ṣubú, kó má wo ibi tó ṣubú sí, ibi tó ti yọ̀ ni kó wò. Mo ti wò ó dáadáa. Kì í ṣe ìlànà ló mú mi. Mo ti kan káàdì tán, ó ti rẹ̀ mí, n kò fẹ́ tún un tò. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ àtẹ́wọ́, ó sì dùn mọ́ mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò ilé-ìwé fẹ́ wọ kíláàsì kẹrin. Físíìsì àti Yíya Àwòrán ni òun náà fẹ́, méjèèjì. Bàbá rẹ̀ ò tiẹ̀ wá. Ní-Ìparí ló fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi, ó sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó kọ rí tí kò gùn: "Jọ̀ọ́, bá mi wo ohun tó ṣeé ṣe." Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Mo fa ìṣó yọ, mo gbé káàdì búlúù láti òpó kẹta lọ sí ìkarùn-ún, mo tún fi ìṣó náà kàn án mọ́bẹ̀. Mo padà sídìí tíì, ó ṣì gbóná. Ọ̀run ò wó. Kò sí olùkọ́ tó ráhùn. Olùkọ́ Físíìsì tiẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ òun padà fún òun.

A lẹ àtẹ tuntun mọ́ pátákó ìkéde lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Ìyá rẹ ti wà ní kíláàsì karùn-ún, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ Físíìsì láti ibẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo yọ láti igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá a tó dúró níwájú àtẹ náà. Ó fi ìka rẹ̀ tọ ìlà kíláàsì kẹrin lọ, ó dé òpó kẹta, ó ń lọ, ó dé ìkarùn-ún, ìka náà sì dúró. Ó yíjú, ó rí mi. Kò sunkún, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí a délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ìyá àgbà ní, "Abọ́ yẹn ti mọ́ o." Ó ní, "Mo mọ̀, mà." Ó ń fọ̀ ọ́ lọ.

O ti wá rí ìdáhùn ìbéèrè rẹ èkejì.

Èsì ìdánwò rẹ̀ dára, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tó ń wù ú dá ìwé rẹ̀ padà pẹ̀lú ìlà kan: kò sí Físíìsì. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ yíyà ní ọ́fíìsì ẹni tó níwèé ẹ̀rí, ìyókù ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní igun òpópónà yín, èyí tí fèrèsé rẹ̀ rẹlẹ̀ kí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè rí ìta, ìyá rẹ ló ya fèrèsé wọ̀nyẹn níkọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà. Ó yà á, ẹlòmíràn fọwọ́ sí i, nítorí pé kò ní ìwé tó fún un láṣẹ láti fọwọ́ sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí yín ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá, mo sì máa ń wojú ilẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì rèé. Má tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ, kí o mọ àwọn tó fẹ́ Kẹ́mísírì àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ pa pọ̀ bíi tìrẹ, kí o kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ kanlẹ̀kùn igbákejì ọ̀gá yín. Fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, sọ ọ́ ní ṣókí: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ọ̀nà kankan wà tí ẹ lè fi gbé ọ̀kan kúrò nínú àpótí kẹrin?" Ó máa sọ fún ọ pé àtẹ iṣẹ́ kì í yí nítorí ẹnì kan. Mo mọ gbólóhùn yẹn dáadáa, bóyá èmi gan-an ni mo dá a sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o wá gbé orúkọ àwọn yòókù kalẹ̀, torí pé ẹ kì í ṣe ẹnì kan mọ́.

Má dá lọ. Má sì mú bàbá rẹ lọ, ọ̀rọ̀ á di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi náà ò ní wá. Tí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bá wọ ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá, ìjà ọ̀rọ̀ ńláńlá ló máa dá sílẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí ewúrẹ́. Ìyá rẹ ni kí o bẹ̀ pé kó bá ọ lọ. Bí wọ́n bá gbà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, Kẹ́mísírì ni kí o mú, kí o má sì bojú wẹ̀yìn. Ewúrẹ́ ò ní ṣí kúrò lẹ́yìn kíláàsì, èyí tó ń tiro ò sì ní béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ kó tó mu omi tí o gbé wá.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, nígbà tí obìnrin ìdí káńtà parí ọ̀rọ̀ tìrẹ, n kò dìde. Mo ní, "Àwọn tó ń kọ́ nípa yíya ilé, ṣé inú ọgbà yìí ni wọ́n wà?" Ó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ṣùgbọ́n pé ọ̀dọ̀ òun ni ìwé wọn wà. Mo bi í bóyá ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún pípẹ́ lè rí ọ̀nà wọlé. Ó fa bébà kan yọ nínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ṣe é tó ọdún mẹ́wàá lè kó àwòrán rẹ̀ wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìdánwò kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ní kó ṣe kó sì yege kó tó wọlé: Físíìsì. Wọ́n ní kíláàsì rẹ̀ fún àwọn àgbà láràárọ̀ Sátidé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe é, Bàbá?" Mo ní, "Ọmọ mi ni." Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó?" Mo ní ọdún mẹ́tàlélógójì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà níbẹ̀. Àwọn ló máa ń tètè dé jù."

Nínú àpò ìwé yìí, wàá rí bébà kan tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, tìrẹ nìyẹn. Wàá tún rí àpò ìwé kékeré kan tí mo lẹ̀. Ti ìyá rẹ ni. Bébà tí obìnrin yẹn fà yọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí mo kọ sí i. Ojú ìwé kan péré ni lẹ́tà náà, láti àná kùtùkùtù ni mo sì ti ń kọ ọ́, ó pẹ́ ju gbogbo èyí tí ò ń kà yìí lọ. Ìgbà mẹ́rin ni mo tún un kọ. Mo yọ gbogbo "ní ìbámu pẹ̀lú" kúrò nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà mo wá yọ gbogbo "ṣùgbọ́n". Ìyẹn ló ṣòro jù. Gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀, má sọ̀rọ̀ kankan sí i. Bó bá dìde lọ fọ abọ́, jẹ́ kó fọ̀ ọ́. Bébà ò lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ló máa bá a. N kò mọ̀ bóyá ó máa lọ síbẹ̀, n kò sì ní bi í. Lẹ́yìn tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti jọ sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ mú bíró.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lójú sí ohun tí ò ń wá, kó sì má jẹ́ kí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú máa sùn nígbà tí o bá kanlẹ̀kùn. Kí ìrọ̀rùn má tàn ọ́, kí ìṣòro má lé ọ. Kí o ṣàṣeyọrí lójú ìyá rẹ, kí ìyá rẹ náà sì ṣàṣeyọrí lójú rẹ. Bá mi kí bàbá rẹ, kí o bá a yí ohùn rédíò rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Èmi ni bàbá ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ dénú,
Bàbá Pátákó.

Àfikún: Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n kó ẹrù mi ní ọ́fíìsì. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú lára pátákó náà. Ó wà nínú àpò ìwé ìyá rẹ: káàdì búlúù kan, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ "Físíìsì, Kíláàsì Kẹrin" sí. Ihò ìṣó méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan láti òpó kẹta, ọ̀kan láti òpó karùn-ún. Bó bá bi ọ́ pé kí ni òun fẹ́ fi ṣe, sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní kó gbé e sí ibi tó bá wù ú.